Tòmátì Tó Sùn Lọ́sàn-án

"Àbúrò mi, tòmátì rẹ ti sùn o."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ lórí fóònù nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi. Mo ní kí wọ́n bomi rin ín. Wọ́n ní àwọn ti bomi rin ín láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo ní oòrùn ló mú un, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á jí. Wọ́n ní, "Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti ń retí kó jí."

N kò jẹ oúnjẹ yẹn tán. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó di oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà máa wò mí bí àlejò. Tòmátì ni iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ni mo wà, irú tòmátì tí àrùn tó ń mú ewé sùn lọ́sàn-án kò ní lè pa la sì ń wá láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Inú mi tètè máa ń ru, ẹnu mi kò sì mọ ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá kó èmi àti ata sórí ọlọ kan náà, ata ni yóò kọ́kọ́ sunkún. Síbẹ̀, ẹnu kan náà yìí kì í lè dá wọn lóhùn tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ilé ẹ̀kọ́ ni àwa méjèèjì wà. Wọ́n padà wálé, wọ́n gbé ọkọ́ bàbá wa, wọ́n ní kí èmi máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Wọn kò fi ṣe ìrègún fún mi rí. Nígbà tí tòmátì tuntun wa wá yege gbogbo ìdánwò, tí a ń wá oko tí a ó ti kọ́kọ́ gbìn ín síta, oko ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní kí a mú. Oore ni mo rò pé mo ń ṣe.

Mo bá gbogbo oko ní ìdoríkodò. Ewé kò pọ́n, kò ní ààmì, kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ó rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín ebè, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó wọn jókòó sórí garawa tó dojú dé.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ káàbọ̀," ìyàwó wọn ní. Orúkọ tó fún mi nígbà tó kọ́kọ́ wọlé wa nìyẹn, nígbà tí mo ṣì tín-ín-rín. Mo ti sanra tán báyìí, kò sì gba orúkọ rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá fi í ṣeré. Lọ́jọ́ náà, orí nìkan ni mo mì sí i.

"Ẹ bá mi fi ife gíláàsì bu omi wá," mo ní.

Mo gé tòmátì kan nídìí, mo ti ojú ibi tí mo gé bọ inú omi, mo dì í mú kó má mì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kan fi yọ láti ojú ọgbẹ́ náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe, omi inú ife ti dà bí omi tí a fi ṣan ife mílíìkì. Mo ti ṣe àyẹ̀wò yìí lára tòmátì tó pọ̀ tí n kò lè kà, ṣùgbọ́n n kò rí i kó jáde lára tòmátì yìí rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí ebè, pẹ̀lú ṣòkòtò ibi iṣẹ́.

"Kí ni yẹn?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Bakitéríà ni. Ó ti dí gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Inú omi ni tòmátì yín wà, òǹgbẹ ló ń pa á."

"O sọ pé àrùn yìí kò ní lè mú un."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, n kò mọ̀."

Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà bàbá wa, tòmátì kan kò sùn rí lórí ilẹ̀ yìí. Òótọ́ ni. Tòmátì àtijọ́ tí à ń gbìn níbẹ̀ kéré, ó hunjọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, ó kan, àwọn tó ń rajà kì í fẹ́ wò ó lójú, àmọ́ kò sùn rí. Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́," wọ́n ní, "ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Tòmátì rẹ yìí ló dára jù." Kò sẹ́ni tó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ẹ̀ka kan sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Màmá Fínífíní ni gbogbo wa ń pè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n sì mọ̀. Nínú ilé iṣẹ́ tí a ti ń fọwọ́ kan erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ láràárọ̀, bàtà funfun ni wọ́n ń wọ̀ wá, n kò sì rí àbàwọ́n lára rẹ̀ rí. Bí o bá gbé àwo kan sórí tábìlì tí kò tọ́, wọ́n á rọra fi ìka tì í sí ààyè rẹ̀, wọn kò sì ní dá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dúró. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, láti orí bí a ṣe ń di wáyà tí a fi ń bu bakitéríà mú dé orí bí a ṣe ń ronú. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìkórìíra kò sí nínú ohun tí mò ń rò fún yín.

Wọ́n yẹ ẹ̀ka náà wò, wọn kò sì yọ ọ́ nínú ọ̀rá. "Bakitéríà náà ti yí padà," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí mò ń retí ló dé yìí."

Wọ́n tún un ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bakitéríà ní ohun ìjà tó ń tì bọ inú ara ewéko. Ewéko náà ní olùṣọ́ nínú ara rẹ̀, tó bá ti dá ohun ìjà ọ̀hún mọ̀, gbogbo ara á dìde sí i. Jíìnì ló ń bí ohun ìjà, jíìnì náà ló ń bí olùṣọ́. À ń jogún rẹ̀ ni, bí ọmọ ṣe ń jogún imú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bakitéríà ń bí ọmọ kíákíá, jíìnì ọmọ kì í sì í fìgbà gbogbo pé bíi ti ìyá. Bí jíìnì kan bá bàjẹ́, tí ohun ìjà tí olùṣọ́ mọ̀ kò sí mọ́, á jẹ́ pé olè ti pààrọ̀ aṣọ, á sì gba iwájú olùṣọ́ kọjá. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó bọ́gbọ́n mu, èmi náà gbà á.

"Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì ní àrùn yìí rí," wọ́n ní.

"Rárá, Màmá. Tòmátì kankan kò sùn níbẹ̀ rí."

"A jẹ́ pé wọ́n gbé e wọlé ni. Ó lè jẹ́ lára bàtà, ó lè jẹ́ lára ọkọ́ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti pe ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn."

"Ẹ ti pè wọ́n kẹ̀?"

Òfin wà, mo mọ̀ ọ́n. Oko tí àrùn tuntun bá ti yọ, wọ́n á sun gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀ náà pa, olóko kò sì ní gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ní ó ti mọ́. Àwọn mìíràn ti darúgbó níbi tí wọ́n ti ń dúró. Màmá Fínífíní ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn ará ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ń retí ni kí á ka jíìnì bakitéríà náà, kí ó lè dájú pé tuntun ni. Tí ó bá ti dájú, wọ́n á dé pẹ̀lú iná.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi kò ní oko mìíràn. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ó dùn mí. Àmọ́ bí a bá fi ojú àánú wo oko kan, oko gbogbo ayé ló máa sùn." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, òótọ́ sì ni, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi okùn pupa yí oko ká. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ẹni tó máa ń yá wọn ní kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ti ní kí wọ́n má wulẹ̀ dá a padà mọ́, kí wọ́n kúkú mú un. Bí wọ́n bá kí èèyàn lọ́nà, onítọ̀hún á fi ọwọ́ dá wọn lóhùn láti òdì kejì títì. "Mò ń fi bílíìṣì fọ bàtà mi kí n tó wọ oko, àbúrò mi," wọ́n ní. "Bí o ṣe ní kí n ṣe é. Lójoojúmọ́. Ta ló máa gbà mí gbọ́?" Mo ní èmi gbà wọ́n gbọ́. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún wọn?

Mo tọ́ bakitéríà oko sórí oúnjẹ rẹ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ. Ó hù, ó sì hù ní rádaràda: funfun, yíyọ̀, ó ń ṣàn kiri bí ikun imú ọmọdé. Tiwa tó wà ní lábù, èyí tí a fi ń dán tòmátì wò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa kéré, ó pupa, ó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, kálukú wà ní ààyè rẹ̀. Màmá Fínífíní wo àwo mi láti òkèèrè, imú wọn sì hunjọ. "Ìdọ̀tí ti wọ èyí. Tún un ṣe." Mo tún un ṣe, ó tún ṣàn. Mo fi ìbínú tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ṣàn. Mo wá kó o fún Sùúrù bẹ́ẹ̀.

Sùúrù ni ẹni tó ń ka jíìnì fún wa. A pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ilé bá ń jó, ó máa kọ́kọ́ béèrè irú igi tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ní òun kò tíì parí. Mo bú u tán, mo bẹ̀ ẹ́ tán. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá pè mí.

"Jókòó," ó ní.

"N kò jókòó. Kí lo rí?"

"Jókòó ná."

Mo jókòó. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ó ní òun ti gbé bakitéríà oko sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi ń dán tòmátì wò ní lábù. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Jíìnì kan ló yà wọ́n, àmọ́ jíìnì náà kì í ṣe ọmọ kékeré. Ọ̀gá ni láàárín àwọn yòókù. Òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí bakitéríà á ṣe ikun tó fi ń dí ọ̀nà omi, òun náà ló ń pàṣẹ ogun. Nínú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, jíìnì yẹn pé. Nínú èkejì, ó já láàárín, abala kan ti bọ́ sọnù.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rí iná lójú mi, mo rí ẹ̀gbọ́n mi níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. "Ó ti dájú nìyẹn," mo ní. "Ti oko ló já. Tuntun ni."

"N kò tíì parí ọ̀rọ̀," Sùúrù ní. "Ti oko ló pé. Tiwa ló já."

Mo wò ó. N kò gbọ́ ohun tó sọ, tàbí kí n sọ pé etí mi gbọ́ ọ, orí mi kò gbà á wọlé. Mo ní kó tún un kà. Ó ní òun ti tún un kà, ohun tó jẹ́ kí òun pẹ́ nìyẹn. Lójijì ni mo rí ọwọ́ ara mi lójú inú, tó di wáyà mú, ní ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìṣípò ní lábù wa. Bakitéríà wa ń jẹun lórí àwo, bí oúnjẹ bá fẹ́ tán, a ó fi ẹnu wáyà bù díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí àwo tuntun. Òkìtì bakitéríà kéékèèké ló máa ń wà lórí àwo. Òfin Màmá Fínífíní, tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa, ni pé kí á mú èyí tó dá dúró, tó rí róbótó, tó mọ́. Èyí tó bá ń ṣàn, kí á fi í sílẹ̀, ó lè ti lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ikun ṣíṣe àti ogun jíjà sì jẹ́ iṣẹ́ alágbára. Bakitéríà tó bá ń rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ jẹ nínú àwo, kí ló fẹ́ fi ogun ṣe? Èyí tí jíìnì rẹ̀ bá já láàárín wọn bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ó ń yára bímọ, ó sì rí róbótó. Àwa wá jókòó tì í, a ń fi wáyà yan ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí kò sí èyí tó ń ṣàn mọ́, a yin ara wa pé ọwọ́ wa ti mọ́.

Bakitéríà yí padà lóòótọ́. Àwa la yí i. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

"Ṣùgbọ́n tòmátì aláìlágbára tí a máa ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ń kú," mo ní. Mo ṣì ń wá ọ̀nà àbáyọ. "Bí bakitéríà wa kò bá lágbára, kí ló ń pa á?"

"Ìyẹn?" Sùúrù ní. "Bí o bá húkọ́ sí ìyẹn, á kú."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a ti ń yin gólìkípà tí ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù sí rí.

Mo gbé àwo méjèèjì lọ sí yàrá Màmá Fínífíní, ti oko àti ti lábù, mo gbé wọn kalẹ̀ níwájú wọn. Mo ti gbára dì fún ìjà. Mo sọ ohun tí Sùúrù kà. Ọwọ́ wọn jáde láti tọ́ àwo tó wọ́, ó sì dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí fìrísà, wọ́n fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n mú ìgò tín-ín-rín kan tí wọ́n fi iná dí lẹ́nu jáde. Ìyá àgbà bakitéríà wa ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n mú lára tòmátì aláìsàn kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ní ìsàlẹ̀ odò tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ oko bàbá mi kọjá. Kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Àwọn fúnra wọn ló ṣẹ́ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó hù, ó hù ní funfun, ó ń yọ̀, ó ń ṣàn kiri àwo. Sùúrù kà á, jíìnì ọ̀gá yẹn sì pé, ó bá ti oko mu délẹ̀.

Màmá Fínífíní wo àwo náà títí. "Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i," wọ́n ní. "Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò tíì mọ́ nígbà náà."

Wọ́n ní kí á fi dán tòmátì wò kí á tó sọ ohunkóhun. A to ìkòkò tòmátì tuntun wa sínú ilé ọ̀rá tí a ti ń tọ́ ewéko, a fún apá kan ní bakitéríà lábù, a fún apá kejì ní ti inú ìgò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ọ̀rá tí mo rí i, mo ti mọ ohun tí mo máa bá. Apá kan dúró ṣánṣán. Apá kejì ti sùn, gbogbo rẹ̀ pátá, ewé tútù yọ̀yọ̀ ní ìdoríkodò, bíi ti oko ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́. Màmá Fínífíní wọlé lẹ́yìn mi. Wọ́n fi ẹ̀yìn ìka gbé ewé kan sókè, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n gbé òmíràn, ó ṣubú.

Mo ti rò pé wọ́n á ní kí á rọra ná, kí á wá bí a ṣe máa sọ ọ́. Mo ti kó èébú jọ sẹ́nu dè wọ́n. Wọ́n gbé fóònù níwájú mi, wọ́n pe ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, wọ́n ní àrùn tuntun kò sí, àrùn àtijọ́ ni, ó wà káàkiri, kí wọ́n lọ tú okùn wọn, àṣìṣe náà ti ọ̀dọ̀ àwọn wá. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. "Èmi ni mo fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n rẹ," wọ́n ní. "Ẹnu mi ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Mú mi lọ." Gbogbo èébú tí mo kó sẹ́nu, mo gbé e mì.

Nígbà tí a dé oko lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti gbá gbogbo àyíká. Ó ti to àga síta, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Mo ti pè é tẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá mi ń bọ̀, ó sì ti gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi láìmọye ìgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ká okùn pupa jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Màmá Fínífíní kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fún àwọn lómi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

"A jẹ́ pé èmi kọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Ẹ̀yin kọ́ rárá."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Mo rí èjìká wọn bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, omijé sì bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wò ó tí wọ́n bá ń ṣírò nǹkan.

"Màmá, ẹ ní àrùn náà ti wà ní agbègbè yìí láti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọge?"

"Bóyá kí n tó dáyé pàápàá. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá omi odò rìn."

"Nínú ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ògidì rẹ̀? Èyí tó ń jà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tòmátì wa àtijọ́ kò sùn rí."

Ojú Màmá Fínífíní ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: wọ́n yí ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi sí orí ebè. Lẹ́yìn náà ó wá dé bá èmi náà, orí mi sì fò lọ. Ohun tí a ti ń wá látọdún dọ́dún, tí a ń wá nínú ìkòkò, nínú ilé ọ̀rá, nínú àwo mímọ́ tónítóní, orí ebè bàbá mi ló dúró sí, tó hunjọ, tó kan, tí ogun gidi ń jà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì ṣubú. A ní ilẹ̀ náà kò lárùn nítorí pé tòmátì ibẹ̀ kò ṣàìsàn. Kò sẹ́ni nínú wa tó ronú kan tòmátì fúnra rẹ̀.

"Irúgbìn rẹ̀ dà?" Màmá Fínífíní béèrè. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Wọn kò bínú. Ó sàn fún mi kí wọ́n bínú. "Ẹ ní kí n sun ún," wọ́n ní. "Ẹ ní kí oko mọ́ kí tuntun tó wọ̀ ọ́. Mo sun ún. Èyí tó kù nínú ìgò, mo dà á fún adìyẹ."

Òfin ilé iṣẹ́ wa ni, kí àtijọ́ má baà dà pọ̀ mọ́ tuntun. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bàbá wa gba irúgbìn yẹn lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ife omi dé, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé tòmátì híhunjọ yẹn lẹ ń sọ?" ó ní. "Ọ̀kan hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ìfọṣọ ń dà sí. Ó tiẹ̀ ti so."

Gbogbo wa ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àga Màmá Fínífíní ṣubú, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo fà á tu," ó ní. "Láàárọ̀ yìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ní Màmá Fínífíní ń bọ̀. Mo ní kí ẹ̀yìnkùlé mọ́."

"Ibo lo dà á sí?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ó nawọ́ sí ààtàn tó wà lẹ́yìn ọgbà.

N kò mọ bí obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣe gba iwájú mi kọjá. Kí n tó débẹ̀, Màmá Fínífíní ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ààtàn pẹ̀lú bàtà funfun, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wa eérú àti èèpo iṣu àti gbogbo ohun tí mo mọ̀ pé wọn kò fọwọ́ kàn rí láyé wọn. Adìyẹ méjì ti ń jẹ̀ lápá kan, ẹ̀gbọ́n mi sọ òkò sí wọn. Màmá Fínífíní fa tòmátì náà jáde nídìí. Ewé rẹ̀ ti rọ, àmọ́ àìsí nínú ilẹ̀ ló mú un rọ. Adìyẹ ti ṣá èso rẹ̀ jẹ. Ẹyọ kan ló kù, ó ti pọ́n, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó hunjọ, eérú àti ẹrẹ̀ bò ó, ó sì ti là lápá kan tí irúgbìn ń yọjú.

Màmá Fínífíní gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ń mí gùlegùle. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú ń tì, sáré dé pẹ̀lú ife omi, ó ti rẹ etí aṣọ rẹ̀ láti bá wọn nu èso náà kó mọ́.

"Ẹ má nù ún," Màmá Fínífíní ní. Wọ́n pa ọwọ́ dé mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e mọ́ àyà, lára aṣọ funfun wọn. "Ẹ jọ̀ọ́. Bó ṣe rí yìí ni kí ẹ fi í sílẹ̀."